Télọ̀ Tó Rán Kóòtù Tí Kò Jẹ́ Kó Gbé Apá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ wá pa á tì o. Ìsàlẹ̀ ló ti dùn jù, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa tó dìde sọ̀rọ̀ níwájú èrò, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

1.

Télọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Wẹ́kú, torí pé aṣọ tó bá rán máa ń bá ara mu wẹ́kú ni. Ọwọ́ rẹ̀ dáńtọ́, ẹnu rẹ̀ náà ò sì gbẹ́yìn. Tó bá ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, á fọwọ́ sọ ọ́, á fojú sọ ọ́, á tẹ̀ síwájú, á tún sún sẹ́yìn, títí àwọn oníbàárà á fi gbàgbé pé aṣọ ni wọ́n wá gbà.

Nígbà tí alága ẹgbẹ́ télọ̀ fẹ̀yìn tì, Wẹ́kú ní òun ló kàn. Ó ti pẹ́ tó ti ń jókòó sẹ́yìn ní ìpàdé, ó wù ú kóun náà mọ bí iwájú ṣe rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló bá a du ipò náà, ìyẹn obìnrin kan tó máa ń gán bọ́tìnì, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dún dé títì. Àwọn méjèèjì máa sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dìbò. Gbogbo èèyàn ló gbà pé Wẹ́kú ló máa wọlé.

2.

Wẹ́kú ní alága gbọ́dọ̀ rí bí alága. Ló bá gbé aṣọ dúdú kan tó ń dán jáde, ó fẹ́ fi rán kóòtù àti ṣòkòtò. Ìyàwó rẹ̀, télọ̀ bíi tiẹ̀, mú okùn ìwọnṣọ.

"Bàbá Ìbejì, ẹ gbé apá sókè kí n wọn abíyá yín."

"Èmi? Kí wọ́n máa wọ̀n mí bí oníbàárà? Ìyá Ìbejì, mo mọ ara mi."

Ó dúró ṣánṣán níwájú dígí, ó so apá mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó sì wọn ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sọ̀rọ̀ láwùjọ lórí ìdúró báyẹn? Nígbà tó rán an tán, ó fún un pinpin látọrùn dé kókósẹ̀.

"Wò ó bó ṣe mú mi!"

"Ó mú yín lóòótọ́," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ẹ rọra kó má tì yín mọ́lé. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, kẹ́ ẹ wọ aṣọ náà sọ ọ́."

"Ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu mi? Ìwọ ṣáà máa wò mí."

3.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Bí Wẹ́kú ṣe ń wọlé ni wọ́n ń súfèé. Orí rẹ̀ wú. Ó gorí pèpéle, ó gba máìkì.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mo nawọ́ ìfẹ́ sí yín!"

Ọwọ́ náà ò kọjá ìbàdí. Àfi bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò! Ó gbọ́ tí òwú dún tẹ́ẹ́ lábíyá, ẹ̀rù bà á, ó bá tún le gan-an. Ọrùn kóòtù ò jẹ́ kó yíjú sí ẹnikẹ́ni, ló bá tẹjú mọ́ aago ara ògiri, àgbọ̀n sókè, àyà síta.

"Ta ni eléyìí ń bá jà?" obìnrin kan bi ẹnìkejì rẹ̀.

"Ó ti di alága ká tó dìbò ni."

Wẹ́kú ò gbọ́. Ó ní, "Ìránṣẹ́ yín ni mo jẹ́! Mi ò ní ga ju ẹnikẹ́ni lọ!"

Àsìkò yẹn gan-an ni bàbá àgbà tó kọ́ púpọ̀ nínú wọn níṣẹ́, tó jókòó lórí pèpéle, ń nu ojú. Awò ojú rẹ̀ bọ́, ó já sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Wẹ́kú. Wẹ́kú wò ó. Gbogbo èèyàn ń wo Wẹ́kú. Tó bá bẹ̀rẹ̀, ṣòkòtò á ya. Ló bá dúró bí òpó iná.

"Ẹ... ẹ bá bàbá mú un, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí."

Oníbọ́tìnì dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú awò náà, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó wo ojú bàbá, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó ti sọ̀rọ̀ tiẹ̀ tán kó tó gba máìkì.

Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ oníbọ́tìnì nawọ́ sókè. Ọwọ́ pọ̀ bíi koríko. Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ Wẹ́kú nawọ́. Ẹ̀yin èèyàn, Wẹ́kú fúnra rẹ̀ ò lè na tiẹ̀!

4.

Alága tuntun wá bá a. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

Wẹ́kú gbàgbé ara rẹ̀, ó ya apá láti dì mọ́ ọn. Fààààà! Kóòtù ya láti abíyá dé ìbàdí. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbè é. Wẹ́kú wo ihò náà, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó bọ́ kóòtù sọnù. Ó sọ̀ kalẹ̀ sáàárín wọn, apá ń fò sókè sódò, ó ń ṣàfihàn bó ṣe wọn ara rẹ̀ níwájú dígí, ó ń wo tibí lójú, ó ń gbá tọ̀hún léjìká. Ó ki alága tuntun títí inú onítọ̀hún fi dùn. Àwọn èèyàn ń di ikùn mú, àtẹ́wọ́ ò dáwọ́ dúró.

Bàbá àgbà ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó wò ó dáadáa. "Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo wà látàárọ̀?"

"Ibí náà ni, bàbá."

"A ò rí ẹ. Ká ní a rí ẹ ni, ìwọ là bá mú."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Wẹ́kú ju kóòtù tó ya lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ láwùjọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má kọ́ ẹnu nìkan, kẹ́ ẹ fi ara sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rí ọwọ́ yín, ẹ wò wá lójú, kí ẹni tó fẹ́ràn yín sì kọ́kọ́ wò yín nílé kí ọjọ́ tó pé. Bí ẹnu yín bá ní ẹ fẹ́ràn wa, tí ara yín ní ẹ ò rí tiwa rò, ara yín la máa gbà gbọ́.