Ajílẹ̀ Akínyẹmí àti Iṣu Méjì

Akínyẹmí fẹ́ràn ìyìn ju òtítọ́ lọ. Kì í parọ́, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ tó lè bu iyì fún un nìkan ló máa ń sọ.

Iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn ló ń ṣe ní Adó-Èkìtì, ní nǹkan bí ọdún 1978. Ó dán ajílẹ̀ tuntun kan wò lórí ebè iṣu rẹpẹtẹ. Ìṣirò fi hàn pé iṣu tó jẹ ajílẹ̀ náà gùn ju èyí tí kò jẹ ẹ́ lọ, àti pé kì í ṣe èèṣì. Ni inú rẹ̀ bá dùn, ó jókòó ti àbájáde rẹ̀, ó ń kọ ọ́.

Àtinúkẹ́, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wò ó lẹ́yìn. "Ọ̀gbẹ́ni, o kọ ọ́ pé ìyàtọ̀ wà. Báwo ló ṣe tó?"

"Ó dájú, àbí kò dájú?"

"Ó dájú. Ṣùgbọ́n kò ju gígùn èékánná lọ. Ebè tó o lò ló pọ̀ tí ohun kékeré bẹ́ẹ̀ fi hàn. Kọ ìyẹn náà sí i."

"Tí mo bá kọ ìyẹn, ta ni yóò pàtẹ́wọ́ fún mi?" Kò kọ ọ́.

Ó gba Ìyìn-Èkìtì lọ, ìlú bàbá rẹ̀. Ó ní kí àwọn àgbẹ̀ tú gbogbo ebè wọn, kí wọ́n po ajílẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì tún un kọ.

Bàbá rẹ̀, Adébọ̀wálé, họrí. "Uṣẹ́ ńlá rè é o! A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣé usu ọ̀ún á tóbi tó wàhálà rẹ̀?"

"Bàbá, ìdánwò ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀."

Nítorí pé ọmọ òun ló sọ ọ́, bàbá gbà, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Kí wọ́n tó tú ebè dé ìdajì oko, àsìkò gbíngbìn ti lọ; ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n rí gbìn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pe Akínyẹmí síwájú. Bàbá rẹ̀ gbé iṣu méjì kalẹ̀ níwájú rẹ̀: ọ̀kan jẹ ajílẹ̀, èkejì kò jẹ ẹ́.

"Gbé èyí tó jẹ ajílẹ̀ sókè, kí ìjọ rí i."

Akínyẹmí yí iṣu méjèèjì síwá sẹ́yìn, ó fọwọ́ wọn ọ̀kan, ó fọwọ́ wọn èkejì. Kò mọ̀ ọ́n. Ojú tì í dé ìsàlẹ̀ ọkàn.

"Ìwọ tó o ṣe é ò mọ̀ ọ́n," ni bàbá wí jẹ́jẹ́, "oko mi sì ti bá a lọ."

Nígbà tí ìròyìn náà dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò nídìí ìwádìí, wọ́n fi í sí ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọkọ́ àti àdá. Kò sí àgbẹ̀ tó tún dá a lóhùn ní Ìyìn. Ní ọdún náà, iṣu tó rà ní ọjà Fájuyì ní Adó ló ń rù lọ fún bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ tí kò ra iṣu jẹ rí láyé rẹ̀. Bàbá á dúpẹ́, á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwé ṣe ìwádìí: pé nǹkan dájú kò ní kó tóbi. Bí ẹ bá sọ pé ìyàtọ̀ wà, ẹ sọ bó ṣe tó pẹ̀lú, kí ẹni tí yóò fi òógùn ara rẹ̀ san án lè mọ̀ bóyá ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi ìdajì òtítọ́ ránṣẹ́ sóko, ebi ni yóò bá a dé ilé.