Òǹtẹ̀ Elétí

Ọjọ́ tí wọ́n máa ti ilé iṣẹ́ ìdílé wọn pa pátápátá, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Alápótí dé. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ kẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá àwọn palẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló torí rẹ̀ wá: kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí ilẹ̀kùn tó tì, pé àbúrò òun kọ́ ló ba àwọn gìtá yẹn jẹ́.

Bàbá wọn ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún méjìléláàádọ́ta sẹ́yìn. Á ra gìtá, dùùrù àti fèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe wọ́n, á sì pín wọn fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù káàkiri. Nígbà tó kú, Ìyá jókòó sídìí iṣẹ́, ó sì pín in fún ọmọ méjèèjì. Èyí àbúrò ń di ọjà sínú àpótí, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Alápótí. Èyí ẹ̀gbọ́n ń yẹ gìtá wò. Á ta okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á dẹtí sí i, bí ohùn rẹ̀ bá sì já gaara, á tẹ òǹtẹ̀ tí wọ́n ya etí sí mọ́ ọn lẹ́yìn. Gìtá tó bá ti ní òǹtẹ̀ yẹn, kò sí oníṣọ́ọ̀bù tó tún ń yẹ̀ ẹ́ wò. Elétí ni gbogbo wọn ń pe ẹ̀gbọ́n.

Àfi bí gìtá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Ọrùn òmíì wọ́, òmíì ń kùn bí oyin. Elétí ní gbogbo wọn ló péye nígbà tí wọ́n kúrò lọ́wọ́ òun. Ó wá ku ta? Ìyá pe àwọn oníṣọ́ọ̀bù jọ, ó ní ọwọ́ ọmọ òun obìnrin ló le jù, bó ṣe ń di ọjà ló ń bà á jẹ́, kó máa lọ sílé. Alápótí wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó gba òun sílẹ̀. Ẹnu ìyá wọn ni ẹ̀gbọ́n ń wò.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí Ìyá má yà lọ́dọ̀ Alápótí.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ló fà á," Ìyá á wí. "Ó ní bí o ò bá lọ, òun á lọ. Kí ni mo fẹ́ ṣe?"

"Mo mọ̀, Màmá. Bí iná bá jóni, tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Ara tiwọn ni ẹ̀gbọ́n mi gbọ̀n."

"Fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ọmọ mi."

Alápótí á gbé orí lé e léjìká, á sunkún tẹ́rùn. Ìyá nìkan ló kù tó lè sunkún sí lára.

Ẹlòmíì bá wọn di àpótí. Gìtá ò yéé padà. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù yà kúrò lẹ́yọ lẹ́yọ, títí ó fi ku ẹyọ kan, òun náà ló sì wá kó gìtá méjìlá tó kẹ́yìn láàárọ̀ yìí.

"Alápótí! Ìwọ rèé?" ló kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "Mo ti rò pé wọ́n dì ẹ́ mọ́ ọjà ni!"

Alápótí rẹ́rìn-ín, ó bọ́ sínú yàrá ọjà. Elétí jókòó kọjú sí fèrèsé, ó fi àgbọ̀n ti ara gìtá.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi."

Elétí ń ta okùn gìtá lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ẹ káàárọ̀."

Ìyá ti sáré wọlé. "Má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú. Inú ṣì ń bí i." Ó lọ dúró níwájú Elétí, ó fọwọ́ kàn án lápá. "Àbúrò ẹ dé." Elétí yíjú wo Alápótí fìrí, ó sì gbójú sílẹ̀. Ìyá padà síwájú ilé lọ bá oníṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà! Alápótí gun àkàbà, ó ń já ọjà sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Àwo idẹ ńlá méjì, irú èyí tí àwọn onílù máa ń gbá, yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì balẹ̀ gbàràgàdà lẹ́yìn Elétí gan-an.

"Yéè!" oníṣọ́ọ̀bù ké níta. "Ṣé kò sí o?"

Elétí ò mira. Ó ta okùn gìtá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Okùn náà kùn débi pé eyín kan Alápótí lórí àkàbà. Elétí mi orí pé ó dára, ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Alápótí sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yí lọ síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, etí yín ò gbọ́ràn mọ́?"

Elétí ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ó ti pẹ́," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. "Kì í ṣe ìwọ. Kò fìgbà kan jẹ́ ìwọ. Dárí jì mí."

Ohun tí Alápótí torí rẹ̀ wá ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn méjèèjì sunkún bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló kù tó ń rò. Ìyà yìí ò kéré fún arúgbó: kó lé ọmọ rẹ̀ nítorí irọ́ tí ọmọ rẹ̀ kejì pa fún un! Ó nu ojú, ó jáde lọ síwájú ilé. Oníṣọ́ọ̀bù ti ń di ẹrù rẹ̀ sọ́kọ̀. Ìyá dá jókòó sórí àga. Alápótí kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Ẹ̀gbọ́n mi ti tan èmi àtẹ̀yin jẹ. Etí wọn ò gbọ́ràn mọ́, ó sì ti pẹ́."

Ìyá rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò, ó ní, "Mo mọ̀, èmi ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mo ní kí o máa lọ sílé."