Ìyàwó Wa Gbọ́ Faransé

Àwọn tó na ẹgbẹ́ Fáyẹ́misí ní góòlù mẹ́rin sí òdo lọ́dún tó kọjá ni wọ́n tún máa kọ́kọ́ pàdé nínú ìdíje àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Góòlù mẹ́rin ì bá ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ̀wé sí àjọ bọ́ọ̀lù pé ọkùnrin ni Fáyẹ́misí, torí pé ó ga, ohùn rẹ̀ sì nípọn. Inú ń bí i di òní. Láràárọ̀ ló ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ilé ìdáná wọn ní Banigbé, bí ẹni pé ojú wọn ló ń gbá.

Àbẹ̀bí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń bá a ṣa bọ́ọ̀lù. Ó ń tiro díẹ̀. Òun náà ti gbá bọ́ọ̀lù rí. Lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn tó ń lọ sí ìdíje, títí Fáyẹ́misí, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fi lọ sọ fún kóòṣì pé orúnkún ìyàwó àwọn wú, ó ń fi aṣọ dì í mọ́lẹ̀. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ ò bínú sí mi mọ́?" Fáyẹ́misí bi í. "Òótọ́ ni mo kúkú sọ."

"Òótọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọkọ mi. Àwọn tó nà yín ni kí ẹ máa rò. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Lọ́jọ́bọ̀, fóònù Ifátóyè, bàbá Fáyẹ́misí, dún. Àbẹ̀bí ni wọ́n gbé e fún, torí òun nìkan ló kàwé Faransé dé ìwé ẹ̀rí BEPC nínú ilé.

"Oui, monsieur. Je suis sa belle-sœur," ló wí, pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lòun.

Akọ̀wé àjọ ló pè, pé aṣojú àwọn ń bọ̀ lọ́la, kó wá bi ará ilé léèrè bóyá obìnrin ni Fáyẹ́misí lóòótọ́. Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n máa ti ìwé orúkọ àwọn tó ń lọ sí ìdíje. Bí iyèméjì bá wà, ẹlòmíràn ni wọ́n máa mú.

Lọ́jọ́ kejì, aṣojú náà, Régis, gun zẹ́mìjàn, ọ̀kadà akérò, dé. Ará Natitingou ni, kò gbọ́ Yorùbá. Ó yẹ ìwé ìbí wò. Ifátóyè sọ̀rọ̀, Àbẹ̀bí túmọ̀ rẹ̀ láìyọ, láìfi kún un.

"Wọ́n ní ọmọbìnrin àwọn ni, monsieur, ojú àwọn ni wọ́n ṣe bí i."

Régis mi orí pé ó dáa. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ti fẹ́ fi ìdérí dé bírò rẹ̀ kó tó rántí bi Àbẹ̀bí fúnra rẹ̀ pé kí ni Fáyẹ́misí jẹ́ sí i.

Àbẹ̀bí fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀, ó ní, "C'est mon mari, monsieur." Ifátóyè, tí Faransé rẹ̀ kò ju ogún ọ̀rọ̀ lọ, gbọ́ "mari", ó mọ̀ pé ọkọ ni, ó rẹ́rìn-ín sí àlejò, ó sì mi orí pé òótọ́ ni.