Ẹni Tó Bá Bèèrè, Kó Na Ìka

Màmá Dúrósinmí gbé kúlà ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná dé ilé ìwòsàn. Ó ní bí ẹnu nọ́ọ̀sì bá jẹ, ojú á tì í, á sì tú àṣírí ẹ̀jẹ̀ Mofiyìn, àfẹ́sọ́nà ọmọ òun. Àṣé ẹ̀rọ tí kì í jẹun ni wọ́n ti gbé sórí àga nọ́ọ̀sì!

Ẹ̀rọ kí i dáadáa. Màmá bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ Mofiyìn mọ́. Ó ní, "Màmá, òfin ìpínlẹ̀ wa ti yí padà. Ẹni tó bá bèèrè bóyá ẹlòmíì ní kòkòrò HIV, tirẹ̀ la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ká tó bi onítọ̀hún bóyá ó gbà ká sọ."

"Èmi ìyá ọkọ gan-an?"

"Ẹ lè máa lọ sílé o, mà."

Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì ti ń wò ó. Bó bá sá, wọn á ní ó mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Màmá na ìka. Ẹ̀rọ gún un, ó sì sọ èsì rẹ̀ sí i létí jẹ́jẹ́.

Màmá ò bèèrè ti ẹlòmíì mọ́, ó gbé kúlà rẹ̀, ó ń lọ. Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé Mofiyìn, tó kúnlẹ̀ kí i. "Mà, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?" Bí Màmá ṣe sọ ọ́ tán ni ojú tì í. Ó yára ki ọ̀jọ̀jọ̀ bọ ọmọ náà lọ́wọ́.

Kí ni ẹ̀rọ sọ fún Màmá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bèèrè yẹn, ẹ kọ́kọ́ na ìka yín ná.