Ohun Tí Bàbá Gbàgbé

Ojú kọ̀ǹpútà ni Dókítà máa ń kọjú sí látàárọ̀, á máa wo okùn èròjà ara kan tí wọ́n ń pè ní purotéènì bó ṣe ń gbọ̀n, tó ń ká ara rẹ̀ jọ. Bó bá ká dáadáa, ara á ṣiṣẹ́. Bó bá ká lódì, á kó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn á ṣù jọ sínú ọpọlọ, ìrántí á sì máa jò lọ bí omi inú garawa tó lu.

Àrùn tó mú bàbá rẹ̀ nìyẹn. Nítorí rẹ̀ ló ṣe yan iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwòsàn nìkan ló ń wá.

Kékeré ló wà tí ìyá rẹ̀ ti dàwátì. Bàbá ní ó rìnrìn àjò ni. Àdúgbò ò gbà á gbọ́. Àwọn ọlọ́pàá tì í mọ́lé títí ó fi sú wọn, ọkùnrin náà ò yí ohùn padà. Kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó ń di irun ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì nà án rí. Síbẹ̀, bí àwọn méjèèjì bá jọ jókòó, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń há ọmọ lọ́fun: kí lẹ fi màmá mi ṣe?

Nígbà tí Dókítà rí oògùn tí kì í jẹ́ kí okùn náà ká lódì, tó sì ṣiṣẹ́ lára eku, ó fi bàbá rẹ̀ sára àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ lò ó. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin wá bá a níbi iṣẹ́.

"Ṣé o fẹ́ kó rántí ni, àbí o fẹ́ kó jẹ́wọ́?"

"Ìkan náà ni, Àǹtí."

"Kì í ṣe ìkan náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ o, ọmọ mi."

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fún Bàbá lóògùn náà. Bàbá de bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bàbá fi nọ́ọ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́ pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ gùn jù ú lọ. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì pè é lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ò dùn mọ́.

"Wọ́n ń kígbe lójú oorun, Dókítà. 'Má sáré! Mo ní má sáré!'"

"Ta ni wọ́n ń sọ fún?"

"Wọn ò dárúkọ. Ẹkún ni wọ́n ń sun."

Dókítà gbé fóònù sílẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀ lójú inú, tó ń sá lọ níwájú ọkùnrin kan. Ó pe ọlọ́pàá kan, ó ní kó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, kó máa gbọ́. Ó wọlé, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

"Bàbá, ẹ sọ fún mi. Màmá mi dà?"

Bàbá wò ó, ó mọ̀ ọ́n, ó na ọrùn wo ọlọ́pàá tó wà níta, ó wá fa etí ọmọ rẹ̀ mọ́ ẹnu, ó ní, "Ti ilẹ̀kùn yẹn, kó má baà gbọ́, ọmọdé ni ọ́, eré lò ń sá tó o fi kọ lu ìyá rẹ lórí àtẹ̀gùn, ó ṣubú, ó kú, mo sì ti bá ọ bò ó mọ́lẹ̀."