Rundah àti Idẹ Tó Ń Mí

Rundah kì í ṣe ọmọ burúkú. Àléébù kan péré ló ní: ohun tí kò bá ti lè fi ẹ̀rọ kà, kò gbà pé ọlọ́gbọ́n ló ṣe é.

Sadru, bàbá ìyá rẹ̀, ló ń tún ohùn idẹ tí wọ́n ń lù ní tẹ́ńpìlì ṣe ní abúlé wọn ní erékùṣù Bali. Méjì-méjì ni idẹ náà, ọkọ àti ìyàwó, ohùn ọkọ a sì ga díẹ̀ ju ti ìyàwó lọ. Bí wọ́n bá lù wọ́n pọ̀, ohùn wọn a máa rú bí ìgbì, bí ẹni ń mí. Nígbà tí ojú Sadru bẹ̀rẹ̀ sí ṣú, ó ní kí Rundah bá òun nu idẹ náà de ọdún.

Rundah gbé ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń wọn ohùn jáde. "Bàbá, àwọn wọ̀nyí ò bára mu o. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iye ìgbà tí ọkọ ń gbọ̀n fi méje ju ti ìyàwó lọ. Àṣìṣe ni."

Sadru rẹ́rìn-ín. "Ilé tí tọkọtaya ti ń fi ohùn kan sọ̀rọ̀, ṣé ilé nìyẹn? Ìgbì yẹn ò sí lára ọkọ, kò sí lára ìyàwó. Ìgbà tí wọ́n bá pàdé la tó ń gbọ́ ọ. Fi wọ́n sílẹ̀, jàre."

Mo gbọ́n tán, mo mọ̀ tán, ni kò jẹ́ kí agbọ́n lóró bí oyin. Ọjọ́ mẹ́ta ni Rundah fi ń yọ́ fi ayùn ha abẹ́ idẹ ọkọ, títí gbogbo wọn fi dọ́gba.

Lọ́jọ́ ọdún, wọ́n lu idẹ. Ohùn náà jáde bíi ti ìdérí ìkòkò, ó sì kú síbẹ̀. Ìyá arúgbó tó ń to ẹbọ yíjú padà: "Ẹ gbà mí o! Idẹ wa ò mí mọ́!"

Rundah wo ẹ̀rọ: ó pé géérégé. Àmọ́ etí òun náà gbọ́ pé ohun kan ti lọ. Sadru ò bú u, ó kàn ń sunkún, ìyẹn ló sì dun ọmọ náà jù.

Ó sáré tún mú ayùn, pé òun á dá ìgbì padà. Ṣùgbọ́n ayùn mọ ìyọkúrò, kò mọ ìfikún. Idẹ ọkọ, tí bàbá tó bí Sadru fọwọ́ ara rẹ̀ rọ, ti fẹ́lẹ́ jù; ó là sí méjì.

Àwọn àgbà gba ayùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi ń ru idẹ àyálò láti abúlé kejì wá sí tẹ́ńpìlì, táwọn ọmọge ń bi í lọ́nà pé, "Rundah, ìyẹn ń mí àbí ẹ̀rọ ẹ ò tíì gbà fún un?" Nígbà tí wọ́n wá rọ tuntun, ó mí lóòótọ́. Sadru fetí sí i títí, ó fọwọ́ pa Rundah lórí. "Ó dáa, ọmọ mi. Kì í kàn ṣe ohùn bàbá mi ni."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́gbọ́n lára Rundah. Ẹ̀rọ dára, ìwé dára, ṣùgbọ́n ẹ bi àgbà léèrè ìdí tó fi ṣe nǹkan, kẹ́ ẹ sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán, kẹ́ ẹ tó pè é ní àṣìṣe. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.