Ta Ló Ní Omi Ti Tán?

Bí ìlú bá fẹ́ lé ọmọ rẹ dànù nítorí ọ̀rọ̀ tí kò ti ẹnu rẹ̀ jáde, ṣé wàá káwọ́ gbera? Obìnrin kan wà tí kò káwọ́ gbera.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ó ti wẹ̀, ó ti wọ bàtà, ó sì jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí wọ́n fún àwọn tí omi lé kúrò nílé. Kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ti bá omi lọ, kọ́kọ́rọ́ ló ṣẹ́kù. Orúnkún rẹ̀ ṣì wú, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ló gun òkè lọ́jọ́ tí ilẹ̀ mì.

Ọmọ rẹ̀ wọlé. Dókítà Ilẹ̀ ni ìlú ń pè é, torí ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ ilẹ̀ mímì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti rù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ síbi ìpàdé yẹn."

"Kí n jókòó síbí kí wọ́n máa bú ọ bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Màá ríṣẹ́ mìíràn."

"Wọn ò ní gba iṣẹ́ nìkan, wọ́n á lé ọ kúrò nílùú. Ṣé odi ni ọ́ ni?"

Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀."

"Kí ni kọ́kọ́rọ́ mi fi ṣe ọ́?" Ó dìde, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé tó wà lórí òkè ni wọ́n ti ṣèpàdé. Àga ò tó, àwọn kan jókòó sórí tábìlì àwọn ọmọdé. Káfíńtà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Omi ti gbé ìyàwó rẹ̀ lọ, kò sì tíì rí òkú rẹ̀.

"Ọ́fíìsì yín fọn fèrè, a sá gun òkè. Ìyẹn dáa. Omi wá, kò ju orúnkún lọ, ó padà. Ni wọ́n bá ní ó ti tán. Ìyàwó mi lọ kó aṣọ ọmọ. Omi kejì ga ju òrùlé lọ. Dókítà Ilẹ̀, ta ló ní omi ti tán?"

Dókítà Ilẹ̀ ò gbójú sókè. "Ọ́fíìsì ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló wá sọ ọ́?"

Ariwo sọ. Ẹnì kan pariwo pé kí wọ́n di ẹrù rẹ̀ lé e lórí, òun àti máṣìnì tó fi ń ṣọ́ ilẹ̀.

Ìyá rẹ̀ dìde, ó fi kọ́kọ́rọ́ lu tábìlì.

"Ẹ pa ẹnu yín mọ́! Ọmọ mi ló kọ́ yín! Nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà ló ti fi pákó méjì hàn yín. Ó ní ilẹ̀ abẹ́ òkun ń wọ abẹ́ ilẹ̀ tiwa, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á há mọ́ra, tiwa á máa tẹ̀. Ọjọ́ tó bá já, tiwa á ta padà, á sì gbé gbogbo omi tó wà lórí rẹ̀ sókè. Ó ní omi náà kì í wá lẹ́ẹ̀kan. Á padà, á tún wá, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì lè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀ títí wọ́n á fi fọn fèrè kejì. Ṣé ẹ gbọ́ fèrè kejì?"

Ó wo gbogbo wọn yíká.

"Àbí etí yín di ni?"

"A ò gbọ́," ni káfíńtà wí.

"Ẹ ò gbọ́. Èké kan ló wà nílùú yìí tó ní omi ti tán. Òní ni màá mọ̀ ọ́n, màá sì tutọ́ sí i lójú. Káfíńtà, ta ló sọ fún ìyàwó rẹ?"

"Onígbàjámọ̀ ni."

Onígbàjámọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Irùngbọ̀n tirẹ̀ ti kún. "Èmi náà gbọ́ ọ ni. Ìyá oníbúrẹ́dì ló sọ fún mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹnu tó ń polówó búrẹ́dì náà ló ń polówó irọ́. Oníbúrẹ́dì, ta ló sọ fún ìwọ?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Omi tó ti dànù ò ṣeé kó mọ́," ni ìyá oníbúrẹ́dì wí.

"Mi ò fi sílẹ̀! Ọmọ tèmi ni wọ́n fẹ́ lé, kì í ṣe tìẹ!"

Ìyá oníbúrẹ́dì fi etí aṣọ nu ojú. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo rí ẹnì kan ni. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sáré, kò bojú wẹ̀yìn. Mo ní tí irú ẹni yìí bá lè sọ̀ kalẹ̀, a jẹ́ pé ó ti tán nìyẹn. Nígbà tí onígbàjámọ̀ bi mí, mo ní ó ti tán."

"Ta lẹni náà?" ni káfíńtà bi í.

Dókítà Ilẹ̀ dìde. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ gba iṣẹ́ yín. Màá kúrò nílùú lọ́la. Ẹ jẹ́ ká tú ká."

"Jókòó, òmùgọ̀!" Ìyá rẹ̀ tún fi kọ́kọ́rọ́ lu tábìlì, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń tú ká. Oníbúrẹ́dì, dárúkọ ẹni burúkú náà, kí gbogbo ayé gbọ́!"

Ìyá oníbúrẹ́dì wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lórí tábìlì, ó ní, "Màmá Dókítà Ilẹ̀, ẹ̀yin ni, kọ́kọ́rọ́ yìí ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀ ń lọ ti ilẹ̀kùn yín."